Ife Kan, Ọ̀pọ̀ Ọwọ́: Ọtí, Ìdàpọ̀ àti Ilé Onígbàgbọ́ ní Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ ní Òṣogbo, bí Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù bá ti pé, aṣọ funfun ni àwọn ìyá ìjọ máa ń wọ̀ jáde. Ẹni tó bá dúró lẹ́bàá títì Òkè-Fíà láàárọ̀ ọjọ́ náà yóò rí wọn: gèlè funfun, bàtà tí wọ́n ti nù dán, Bíbélì àti ìwé orin lábẹ́ abíyá. Ibi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ni wọ́n ń lọ. Ohun tí wọn yóò bá nínú ife kò sì rí bákan náà. Ní ilé ìsìn Áńgílíkà àti ti Kátólíìkì, wáìnì gidi ni, tí wọ́n fi èso àjàrà ṣe. Òfin ìjọ Kátólíìkì ti ọdún 1983 tilẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun mìíràn, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó ti bàjẹ́. Ní ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ Onítẹ̀bọmi, omi èso tí kò ní ọtí nínú ni, nínú ife kéékèèké tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Ní ìjọ mìíràn tó ń jọ́sìn lórí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Ribena tí wọ́n fi omi là ni.

Bí ìsìn bá parí, oníkálukú á gba ilé lọ. Iyán ń bẹ nílé, ọbẹ̀ ń bẹ nílé. Kí ni wọn yóò mu lé e? Àwọn wo ni yóò jókòó mu ún?

Orí ìbéèrè méjèèjì yìí ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ti gbó lẹ́nu àwọn Onígbàgbọ́ ilẹ̀ Yorùbá. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ìbéèrè kejì ni kò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹni bi í, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló yẹ kó máa dun ìdílé. Àwọn tó gba kèrègbè ẹmu lọ́wọ́ àwọn bàbá wa ní ìdí tó dára tí wọ́n fi gbà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹmu nìkan ló wà nínú kèrègbè yẹn. Àjọjókòó wà níbẹ̀, ìlàjà wà níbẹ̀, ìròyìn ilé àti ti oko wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gbé e kúrò láàárín agbo ti jẹ agbo náà ní gbèsè ohun tí yóò fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan san gbèsè yẹn dáadáa nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àwa tòde òní ni ọ̀rọ̀ kù sí lọ́wọ́.

Orí ọ̀rọ̀ kan ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń wá orúkọ tí wọn yóò fi pe àjọjẹ mímọ́ náà ní èdè Yorùbá, Ìdàpọ̀ Mímọ́ ni wọ́n mú. Yorùbá kì í da iṣu pọ̀; kíkó ni wọ́n ń kó o jọ. Èèyàn a máa péjọ, owó a máa ṣù jọ. Ohun tó bá ń ṣàn, tàbí tó bá lè ṣàn, la sábà máa ń dà. Bí omi inú ìkòkò kan bá sì ti dà pọ̀ mọ́ ti èkejì, kò sí ẹni tó tún lè yà wọ́n. Ẹni tó yan ọ̀rọ̀ yìí mọ èdè rẹ̀ dénú. Ohun mímu ti wà nínú orúkọ náà kí ẹnikẹ́ni tó gbé ife.

Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì, odindi rẹ̀ sì jáde ní 1884. Nínú Bíbélì yìí, igi tí ń so èso wáìnì rí orúkọ ilé gbà: àjàrà. Omi tó ti ara rẹ̀ jáde ni kò rí gbà. Wáìnì ni wọ́n pè é, bí àwọn òyìnbó ti ń pè é. Wọn kò pè é ní ẹmu. Ọ̀ràn kékeré kọ́ nìyẹn. Láti ìgbà náà ni ohun mímu méjì ti wà lọ́kàn Onígbàgbọ́ Yorùbá: èyí tó ti òkun dé nínú ìgò, tí àlùfáà lè súre sí, àti èyí tí adẹ́mu gbé sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n kà sí ti abọ̀rìṣà. Bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n ń mu ládùúgbò rẹ̀ ni Jésù fúnra rẹ̀ mu. Ká ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni Kánà wà, ìlú tí wáìnì ti tán níbi ìgbéyàwó kan tí Jésù wà, ẹmu ni ìbá tán lọ́jọ́ náà.

Ìtàn Kánà yìí, ó yẹ kí Yorùbá lóye rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Ìkòkò òkúta mẹ́fà tí Jésù sọ omi inú wọn di wáìnì ló wà níbẹ̀, bí a bá sì fi ìwọ̀n òde òní wọ̀n ọ́n, ìkọ̀ọ̀kan gba nǹkan bíi lítà 75 sí 115. Ìyẹn ni pé ohun tí ó kéré tán tó lítà 450 ni wọ́n pèsè fún àwọn tó ti ń mu bọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníwàásù á jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, wọn á máa jiyàn bóyá ó ń pani tàbí kò lè pani. Màríà, ìyá Jésù, kò béèrè ìyẹn. Ohun tó rí ni ìdílé kan tí ojú fẹ́ tì níwájú àna wọn. Ìyá tó bá ti ṣe ìnáwó rí ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tàbí ní Ìlobùú mọ bí ọ̀fun ṣe ń gbẹ nígbà tí wọ́n bá wá sọ létí pé ohun mímu ti ń tán, tí àwọn àna kò sì tíì jókòó tán.

Ẹmu ní ìwà kan tí wáìnì inú ìgò kò ní: kò ṣe é tọ́jú. Bí adẹ́mu bá fi igbà gun ọ̀pẹ nídàájí, omi tó dùn bí oyin ló kọ́kọ́ máa ń bá nínú kèrègbè rẹ̀. Ṣúgà inú rẹ̀ tó bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwúkàrà tó wà lára kèrègbè àti nínú afẹ́fẹ́ á bọ́ sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Kó tó di ọ̀sán, ọtí ti ń wọ̀ ọ́. Láàárín ọjọ́ kan, ọtí náà lè tó ìdá mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, kíkan ló kù. (Ìwúkàrà kan náà yìí ló ń mú búrẹ́dì wú. Nígbà tí ìwúkàrà inú agolo kò tíì wọ́pọ̀, ọ̀pọ̀ oníbúrẹ́dì ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló ń fi ẹmu po ìyẹ̀fun. Búrẹ́dì àti ohun mímu ti jẹ́ ọmọ ìyá kí wọ́n tó pàdé lórí pẹpẹ.)

Nítorí náà, ẹmu kò bá ahun ṣọ̀rẹ́. Ẹni tó ra kèrègbè kan kò lè dá a mu tán, kò sì lè fi í pamọ́ di ọ̀túnla. Ó di dandan kó ránṣẹ́ pe aládùúgbò. Nínú oko kòkó ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, bákan náà ni ọ̀rọ̀ ṣe rí pẹ̀lú àgàdàgídí tí wọ́n ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n dáadáa ṣe, àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí wọ́n ń fi àgbàdo ṣe. Gbogbo wọn ló ń pe èèyàn jọ nítorí pé wọn kì í pẹ́ nílẹ̀.

Ìlànà sì wà fún mímu wọn. Ẹni tó gbé ọtí kalẹ̀ ni ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. Ọmọdé ló ń bù ú, àgbà ló ń kọ́kọ́ gbà. Àbúrò á lóṣòó kó tó gba igbá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Bí ẹni méjì bá ti ń bínú síra láti ìgbà ìkórè, tí àgbà ilé bá ní kí wọ́n mu nínú igbá kan náà, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Ẹni tó bá mu ún tí kò sì jáwọ́ nínú ìjà, gbogbo agbo ló kọ ẹ̀yìn sí.

Yorùbá kò dúró de míṣọ́nnárì kí wọ́n tó mọ̀ pé ọtí ń ba èèyàn jẹ́. Ìtàn ìṣẹ̀dá tí wọ́n ń sọ ní Ilé-Ifẹ̀, tí kò ju nǹkan bíi kìlómítà 30 sí Iléṣà, sọ pé Ọbàtálá mu ẹmu yó lójú ọ̀nà, oorun gbé e lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ dídá ilẹ̀ ayé ṣe. Títí dòní, èèwọ̀ ni ẹmu fún àwọn olùsìn Ọbàtálá. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ òyìnbó ni ìkóra-ẹni-níjàánu ti wá bá wa.

Jíìnì ló yí nǹkan padà. Òun kì í kan. Ó lè wà nínú ìgò fún ọdún mẹ́wàá, ọkùnrin kan sì lè ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí kó máa dá a mu. Èyí ni ohun mímu tó gba ilẹ̀ wa kan tí kò béèrè aládùúgbò. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, ọ̀nà là fún ọjà etí òkun láti dé àárín gbùngbùn ilẹ̀ Yorùbá, ọtí líle òyìnbó sì wà lára ọjà náà. Apá ńlá nínú owó tí ìjọba amúnisìn fi ń ṣiṣẹ́ ní Gúúsù Nàìjíríà, orí ọtí yìí ni wọ́n ti ń rí i gẹ́gẹ́ bí owó orí ọjà. Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson, tí àwọn ará Èkó sọ ní Johnson Mímọ́, kò yé pariwo lòdì sí i. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell náà kò dákẹ́, títí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde lórí òwò ọtí ní 1909. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1919, àwọn ìjọba Yúróòpù fọwọ́ sí àdéhùn ní Saint-Germain lẹ́bàá Paris láti dá irú ọtí líle olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀ dúró ní Áfíríkà.

Ẹni tó bá ń ka ìbínú àwọn Onígbàgbọ́ ìṣáájú sí ọtí, kó fi èyí sọ́kàn: jíìnì ló kọ́kọ́ dá ọgbẹ́ náà, kí ẹmu tó bá a pín nínú ẹ̀bi. Bákan náà ló rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. John Wesley, baba àwọn Mẹ́tọ́díìsì, mu wáìnì ní tirẹ̀. Ọtí líle ni ìlànà tó kọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1743 kọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìjọ náà lé gbogbo ọtí jáde pátápátá. Ní 1869, dókítà eyín kan tó jẹ́ Mẹ́tọ́díìsì, Thomas Bramwell Welch, se omi èso àjàrà nínú ìgò ní Vineland, ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, kí ìwúkàrà inú rẹ̀ lè kú kó má sì di ọtí. Ife Olúwa ló ṣe é fún. Nígbà tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì fi máa dá ilé ìwòsàn Wesley Guild sílẹ̀ ní Iléṣà, ìjọ tó ti kórìíra ọtí ló rán wọn wá.

Ṣùgbọ́n kò yẹ ká gbàgbé pé Wesley kan náà ló mú àsè ìfẹ́ wọ inú ìjọ rẹ̀, ohun tó kọ́ lọ́dọ̀ àwọn Onígbàgbọ́ Moravia. Búrẹ́dì tàbí àkàrà òyìnbó lásán ni, pẹ̀lú omi nínú ago ńlá olétí méjì tí wọ́n ń gbé láti ọwọ́ sí ọwọ́. Bí ago ti ń yí ká ni oníkálukú ń dìde sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe fún un. Omi lásán ni, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wà lára ago.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 1930 dé.

Ọdún méjì ṣáájú, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Odò-Ọwá ní 1904, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ń wa ẹ̀rọ tí ń tẹ títì fún iléeṣẹ́ ìjọba lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Lẹ́bàá Ìkejì-Arákejì ni ẹ̀rọ náà ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ibẹ̀ náà ló sì ti gbọ́ ohùn tó pè é, gẹ́gẹ́ bí ìjọ rẹ̀ ti ń ròyìn rẹ̀ títí dòní. Láti 2006 ni yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ti wà nílùú náà. Ní oṣù keje ọdún 1930, ó wà ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà, níbi tí àwọn àgbà ìjọ Faith Tabernacle ti péjọ fún ìpàdé. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí ìpàdé àwọn aṣáájú di ìsọjí tó mi gbogbo ìlú. Èèyàn ń rọ́ wá láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n gbé ìgò wá, wọ́n gbé garawa wá, wọ́n gbé kèrègbè wá, kí ó lè gbàdúrà sí omi inú rẹ̀. Àwọn mìíràn kó oògùn àti ère wọn dà sílẹ̀ kí wọ́n lè jó o níná.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí dáadáa. Kèrègbè kò kúrò láàárín agbo. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló yí padà. Omi ló rọ́pò ẹmu, omi náà kò sì jẹ́ ti ẹnì kan: ìyá tó gbà á á pín in fún aláìsàn ilé, á pín in fún ọmọ orogún, á fi ránṣẹ́ sí oko. Ìjọ tó jáde láti inú ìsọjí yẹn, tó gba orúkọ Christ Apostolic Church ní àwọn ọdún 1940, ka ọtí léèwọ̀, ó sì mú un le. Ṣùgbọ́n kò fi ọwọ́ òfo sílẹ̀ fún àwọn tó gba ọtí lọ́wọ́ wọn. Ó fún wọn ní àdúrà ìdájí, tí agogo ń jí gbogbo ilé sí. Ó fún wọn ní ìṣọ́ òru, ààwẹ̀ àjọgbà, àti ẹgbẹ́ tí yóò dé bá èèyàn nílé bí wọn kò bá rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá tó máa ń lo ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ nídìí ọ̀pẹ tẹ́lẹ̀ rí agbo mìíràn tó mọ orúkọ rẹ̀. Ní èrò ẹni tó kọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, ohun tó mú kí èèwọ̀ ọtí dúró nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni pé wọ́n kọ́ ilé mìíràn kí wọ́n tó wó ti àkọ́kọ́.

Ìlànà yẹn kò parẹ́ lágbègbè yìí. William Kumuyi, ọmọ ìdílé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí ní 1941, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì pẹ̀lú èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ilé tó ń gbé ní Yunifásítì Èkó ní 1973. Èyí ló di ìjọ Deeper Life. Enoch Adébóyè, tí wọ́n bí ní Ìfẹ́wàrà ní 1942, tó sì kàwé ní Ilesa Grammar School, ló ń darí ìjọ Ìràpadà. Ìjọ méjèèjì kò fàyè gba ọtí. Nínú àwọn méjèèjì náà, ìpàdé inú ilé, láàárín ọ̀sẹ̀, nínú pálọ̀ ẹnì kan, jẹ́ òpó tí wọn kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Àga ike mẹ́wàá, omi nínú ọ̀rá, àti aládùúgbò tó bá béèrè pé ṣé òun lè wọlé.

Iléṣà kan náà ló tún gbé iléeṣẹ́ bíà dìde. Lawrence Omole, oníṣòwò ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ló ṣe agbátẹrù International Breweries. Wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1971, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọn bíà níbẹ̀ ní 1978. Trophy ni orúkọ tí gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́. Àwọn kan máa ń fi èyí bú ìlú náà: ẹ wo ìlú ìsọjí! Èébú náà kò tọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀pọ̀ bàbá Onígbàgbọ́ ni, owó tí wọ́n gbà níbẹ̀ sì rán ọmọ níléèwé. Ohun tó yẹ ká sọ ni pé bíà inú ìgò, bíi jíìnì, kì í kan. Ó lè dúró de ẹni tó fẹ́ dá nìkan mu ún. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ ọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2023 pé kò sí ìwọ̀n ọtí kan tí a lè pè ní aláìléwu fún ara. Kí àwọn ìjọ tó fàyè gba ọtí díẹ̀ gbọ́ ìyẹn, kí wọ́n má sì fi ọwọ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Èyí tó wá gba ipò ẹmu ní ilé Onígbàgbọ́ ni mọ́ọ̀tì. Ọkà bálì tí wọ́n fi ń pọn bíà ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kó di ọtí. Láti 1976 tí Maltina ti dé, mọ́ọ̀tì ti di wáìnì àwọn tí kì í mu wáìnì. Òun ni wọ́n ń gbé fún àlejò pàtàkì, òun ni wọ́n ń gbé fún ìyá ọlọ́mọ tuntun, òun ni wọ́n ń rà lọ kí aláìsàn.

Ní Òṣogbo, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn yọ, nítorí ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ sí ni. Nínú agbo ilé kan náà, ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ Alhájì, àbúrò lè jẹ́ bàbá ìjọ, àgbà obìnrin kan nínú ẹbí sì lè máa bọ Ọ̀ṣun. Lọ́jọ́ Iléyá, ẹran á ti ọ̀dọ̀ Alhájì lọ sílé bàbá ìjọ. Lọ́jọ́ Kérésìmesì, ìrẹsì á padà bọ̀. Onígbàgbọ́ tó bá wá gbé bíà sórí tábìlì lọ́jọ́ Kérésìmesì nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ti lé ìdajì ẹbí rẹ̀ dìde láìsọ̀rọ̀. Pọ́ọ̀lù ti rí irú rẹ̀ nígbà tó ń kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù, ìmọ̀ràn rẹ̀ sì ni pé kí èèyàn yááfì wáìnì tó bá máa mú arákùnrin rẹ̀ kọsẹ̀. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí àwọn kan ń fojú ọmọdé wò, òun ló ń jẹ́ kí gbogbo ọmọ bàbá kan jókòó pọ̀ ní Òṣogbo. Iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe.

Ìlú yìí náà ló fi hàn wá pé bí ìjọ bá ti ilẹ̀kùn, àwọn èèyàn á wá ibòmíràn dà pọ̀ sí. Dúró Ládiípọ̀, tí wọ́n bí ní 1931, ọmọ katikíìsì Áńgílíkà ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó ṣe orin Àjíǹde kan fún ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní Òṣogbo, ó sì mú ìlù Yorùbá wọ inú rẹ̀. Àwọn kan nínú ìjọ fárígá, wọ́n ní ìlù kèfèrí ni. Ládiípọ̀ ní ilé ọtí kan nígboro tí wọ́n ń pè ní Popular Bar. Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ulli Beier, òyìnbó ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ibẹ̀ ló sọ di ẹgbẹ́ Mbárí Mbáyọ̀ ní 1962. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, ṣùgbọ́n etí ará Òṣogbo gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ ilé: bí mo bá rí i, màá yọ̀. Ibẹ̀ ni eré Ọba Kò So ti jáde ní 1963, àyíká ibẹ̀ náà sì ni àwọn ayàwòrán bíi Twins Seven-Seven, Jimoh Buraimoh àti Muraina Oyelami ti rí ọ̀nà wọn. Lónìí, ìlù dùndún ń dún ní ìsìn ìkórè káàkiri ìlú náà, kò sì sí ẹni tó ń bínú mọ́. Ṣùgbọ́n ìran kan ti kọjá tí ṣọ́ọ̀ṣì ìbá ti rí gbà tìlù-tìlù, tó jẹ́ pé ilé ọtí ló gbà á mọ́ra.

Kí ni a wá fi rọ́pò kèrègbè ní tiwa? Ẹ lọ síbi ìdáná ní Iléṣà tàbí Òṣogbo lópin ọ̀sẹ̀. Iṣu 42 wà níbẹ̀, obì àti orógbó wà níbẹ̀, oyin, iyọ̀, páálí mọ́ọ̀tì àti wáìnì èso tí kò ní ọtí. Alága ìdúró àti alága ìjókòó ń dá àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ bá ti dé, inú ike oníderí ló máa ń wà, mọ́ọ̀tì á wà nínú àpò ọ̀rá pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀bùn á tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ nínú àlejò á sì gbé tirẹ̀ lọ sínú ọkọ̀. Wọ́n á jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n méjì tó ń gbé ní Èkó àti Ìbàdàn lè wọ aṣọ ẹbí kan náà lọ́jọ́ náà kí wọ́n má bára wọn sọ gbólóhùn márùn-ún. Kò sí ọtí kankan níbẹ̀. Ìdàpọ̀ náà kò sì sí. Èyí ló ń ba ẹni tó kọ̀wé yìí nínú jẹ́ ju ìgò bíà kan lọ.

Àìsàn yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù bínú sí àwọn ará Kọ́ríńtì lórí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé àwọn kan ti yó, ebi sì ń pa àwọn kan, nítorí pé oníkálukú ń jẹ tirẹ̀ láìdúró de ẹnìkejì. Kò ní kí wọ́n pa wáìnì tì. Ohun tó ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n máa dúró de ara wọn.

Ọjọ́ Àjíǹde ọdún 2020, 12 oṣù kẹrin, bọ́ sí àkókò tí kòrónà mú kí wọ́n ti àwọn ilé ìsìn pa. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lójú ayé ọ̀pọ̀ ìdílé, pálọ̀ ni wọ́n ti ṣe Àjíǹde. Bàbá tó ti fi àdúrà sílẹ̀ fún olùṣọ́-àgùntàn láti ìgbà tó ti gbéyàwó ni ọmọ rẹ̀ ní kó ka Bíbélì. Àwọn ìjọ kan ní kí àwọn ọmọ wọn wá búrẹ́dì àti omi èso sílẹ̀ nílé. Àwọn mìíràn, tí ìlànà wọn kò gbà á láìsí àlùfáà, ní kí wọ́n fi àdúrà ṣe é. Ìyà wà nínú àsìkò yẹn, ebi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ jókòó ti òbí wọn láti àárọ̀ títí di ọ̀sán láìsí ẹni tó ń wo aago. Nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì padà, ọ̀pọ̀ ilé kó gbogbo rẹ̀ nílẹ̀.

Iṣẹ́ kan wà tí kò nílò owó, tí kò sì kan àríyànjiyàn lórí wáìnì àti omi èso. Àwọn àlùfáà Áńgílíkà, Kátólíìkì àti Mẹ́tọ́díìsì máa ń gbé Ìdàpọ̀ Mímọ́ lọ bá àwọn àgbà àti aláìsàn tí kò lè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àlùfáà nìkan ni ń wọlé, ọmọ ọ̀dọ̀ á ṣílẹ̀kùn fún un, màmá àgbà á dá gba tirẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, àlùfáà á sì máa lọ síbòmíràn. Ẹ̀yin ọmọ àti ọmọ-ọmọ, ẹ béèrè ọjọ́ tí àlùfáà ń bọ̀ lọ́wọ́ ìjọ. Ẹ wà nílé lọ́jọ́ náà. Ẹ gbé àga yí bẹ́ẹ̀dì màmá ká, ẹ pe aládùúgbò tó máa ń bá wọn fa omi, kí ẹ sì jókòó tì wọ́n di ìgbà tí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ.